Fítámì Oorun

Nínú ilé wa ní Dutsen Kura, ní Minna, òfin kan ló wà: Yorùbá ni a ń sọ. Minna ni mo bí ọmọbìnrin mi sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Bó bá fi Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì bá mi sọ̀rọ̀, n kì í dáhùn. Bí mo ṣe le tó nìyẹn.

Irú làkúrègbé kan ló ń ṣe mí. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara mi ló ń bá oríkèé ìka mi jà. Olùkọ́ ni mí, àmọ́ n kì í lè di ṣọ́ọ̀kì mú láàárọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni irun ọmọ mi. Èmi ni mo ń dì í láti kékeré. Ó wá di pé ó ń lọ sọ́dọ̀ onídìrí ní àdúgbò Shango.

Lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi jáde, mò ń mójú tó ìdánwò, ọmọ mi ló lọ bá mi gbà á. Ó gbé ìgò oògùn kan dé, ó ń wá Yorùbá rẹ̀ títí.

“Mọ́mì, dókítà ní fítámì oorun ò tó nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ máa lo èyí mọ́ ti tẹ́lẹ̀.”

Oorun kẹ̀! Èmi, oògùn oorun? Ká má rí i. Bí oorun ni kò bá tó, màá sùn ún. Mo ti ìgò náà sẹ́yìn abọ́, mo fa kọ́tìnì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń sùn lọ́sàn-án. Ìka mi ń le sí i.

Nígbà tí èmi àti ọmọ mi padà lọ sí ọsibítù, dókítà, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, béèrè oògùn náà. Mo ní n kì í lo oògùn oorun.

“Oorun báwo? Ẹ jọ̀ọ́ mà, oòrùn ni! Oòrùn tó ń ràn níta yìí.”

Ọmọ mi bojú. “Kai! Rana nake nufi, Mọ́mì. Rana!”

Oòrùn ló ní lọ́kàn; rana ni Hausa ń pè é. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n báwo ni oòrùn ṣe ń wọ́n mi ní Minna, níbi tí ewúrẹ́ pàápàá ti ń sá wá ibòji? Dókítà ní ìta ni oòrùn wà, èmi ni n kì í sí níbẹ̀: kíláàsì, agboòrùn, hijáàbù. Ṣé àìtó rẹ̀ ló wá ń mú àìsàn náà gbóná ni, àbí àìsàn ló ń jẹ ẹ́ tán? Ó ní àwọn tó ń wádìí rẹ̀ ò tíì fẹnu kò. Ká ṣáà dí ohun tó dín kù, kí n má sì fi oògùn ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ mi ò bá mi sọ Yorùbá mọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ń mi orí, ó ń fọwọ́ júwe. Ìyẹn dùn mí ju ìka lọ.

Ó pẹ́ kí ìka mi tó dẹ̀. Bóyá oògùn oòrùn ni, bóyá ti tẹ́lẹ̀ ni, n ò lè sọ. Dókítà náà ò lè sọ. Ní Sátidé kan, mo fa kọ́tìnì sí ẹ̀gbẹ́, mo gbé àpótí ìjókòó méjì kalẹ̀, mo ní kí ọmọ mi wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi. Mo di irun rẹ̀, ó wọ́ díẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé, ó ní:

“Mọ́mì, òórùn ti wọlé.”

Òórùn, bí ẹni pé nǹkan rà! Mo fẹ́ẹ́ tún un ṣe. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

“Ó ti wọlé, ọmọ mi,” mo ní, mo sì sún àpótí wa sínú oòrùn náà.