A Ò Ní Ká Ẹní Jùwọ́n Nítorí Eyín

Ẹ kọ́kọ́ wo obìnrin yìí dáadáa ná. Monínúọlá lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà níwájú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Òkè-Ìlá, l'Ádó-Èkìtì. Kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Tí oníbàárà bá dúró lé e lórí tó ń bú u pé aṣọ òun ò tíì ṣe tán, á kàn máa wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ ni, á ní, "Ẹ má bínú, Mà." Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀ á rò pé ọ̀dẹ̀ ni. Ọ̀dẹ̀ kọ́ o! Orí kunkun tó wà lára obìnrin yẹn, bí wọ́n bá pín in fún gbogbo Òkè-Ìlá, á kárí, á tún ṣẹ́kù.

Jùwọ́n ni àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nìkan ló ti ń sùn. Bó bá sùn tán, tí wọ́n rọra tú ọ̀já, tí wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí ìdí rẹ̀ wá kan ẹní báyìí, ojú á là gbàà! Monínúọlá á tún pọ̀n ọ́n, á padà sídìí ẹ̀rọ, á máa ránṣọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ọrùn á máa ro ó bí ọrùn ẹni tó ru igi bọ̀ láti oko. Ọjọ́ kan ló pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó ra ẹní kékeré kan, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ta àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó. Kò bá aago ọwọ́ ṣiṣẹ́ rárá. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì àdúgbò ló ń tẹ̀ lé. Agogo ọ̀sán bá dún, Jùwọ́n á jẹun, á sùn. Tìrọ̀lẹ́ bá dún, á wẹ̀, á mu ògì, á mu ọmú, ìyá rẹ̀ á kọ orin kan fún un, orin kan náà lójoojúmọ́, á wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là, á máa fọwọ́ lù ú nídìí pẹ́pẹ́pẹ́ títí oorun á fi gbé e lọ.

Kò mọ́ ọmọ náà lára lójú ẹsẹ̀. Wọ́n jà á, ìyá ń sunkún, ọmọ ń sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tó mọ́ ọn lára, háà! Bí agogo bá ti ń dún, Jùwọ́n fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra ojú. Àwọn ará ilé ń wá yọjú wò ó bí ẹni wo sinimá.

Ìgbà náà ni eyín dé.

Itọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Èrìgì rẹ̀ wú, ó pọ́n. Ó ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu: téèpù ìyá rẹ̀, etí bàbá rẹ̀, bọ́tìnnì aṣọ ẹni tó bá gbé e. Á sùn díẹ̀, á ta jí, á figbe ta. Bí ìròyìn ṣe rìn láti Adó dé Igbemo, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Màmá fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé, àpò ìrẹsì kékeré kan lọ́wọ́, ọ̀já tuntun lọ́rùn.

Ìyá ọkọ Monínúọlá ni Màmá. Ìrẹsì ló ń gbìn ní Igbemo, ọmọ mẹ́fà ló sì fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ tọ́. Ó fẹ́ràn Monínúọlá dénú. Ìyẹn gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà le, torí bó bá jẹ́ ìyá ọkọ burúkú ni, ìjà ì bá rọrùn.

"Ìyàwó mi," ni Màmá wí bó ṣe rí ẹní náà, "ta ló ń sùn síbí?"

"Jùwọ́n ni, Mà."

"Òun nìkan?"

"Èmi náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ yẹn, Mà. Bí mo bá na ọwọ́ báyìí, mo ti kàn án."

"Ọmọ tó ń hu eyín lẹ tẹ́ sílẹ̀ bí ìrẹsì tí wọ́n ń sá?" Màmá ti ń tú ọ̀já kúrò lọ́rùn. "Gbé e fún mi jàre."

Monínúọlá gbé e fún un. Aṣọ funfun àwọn ọmọ tó fẹ́ gba Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́ kún orí tábìlì rẹ̀ dé àjà, ó rò pé ìrànlọ́wọ́ ló dé. Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Jùwọ́n á kàn ṣe "ẹ̀n" báyìí, Màmá ti gbé e sẹ́yìn. Agogo ọ̀sán dún, Màmá pọ̀n ọ́n lọ kí Mọ́mì Dùnmínínú, aládùúgbò tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Agogo ìrọ̀lẹ́ dún, ọmọ ṣì wà lẹ́yìn, ó ń jẹ etí ọ̀já. Kí á tó ṣẹ́jú, gbogbo ohun tí ìyá àti ọmọ ti fi ẹkún kọ́ yọ́ dànù bí òrí inú oòrùn. Bí ìdí Jùwọ́n bá ti kan ẹní báyìí, á na gan-an bí igi, á ké bí ẹni tí iná jó.

Ẹ̀yìn Màmá náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ń fọwọ́ ti ìbàdí rìn, ó ń mí hẹ̀ẹ̀. Ṣé ó wá ní ó ti sú òun? Rárá o! Lọ́jọ́ Ẹtì, bí Ayọ̀rìndé, ọkọ Monínúọlá, ṣe ti ilé ìwé tó ti ń kọ́ni dé, Màmá pe àwọn méjèèjì jọ.

"Mo ti rò ó," ló wí. "Ọjọ́ Àìkú ni mò ń lọ ulé, n'Ígbemo. Jùwọ́n á bá mi lọ. Ọ̀dọ́bìnrin pọ̀ ní ulé tí wọ́n á máa gbà á pọ̀n lọ́wọ́ mi. Ògì wà, wàrà wà. Tí eyín rẹ̀ bá yọ tán, n ó gbé e wá fún yín."

Ọmọ tó ṣì ń mu ọmú! Monínúọlá wo ọkọ rẹ̀. Ayọ̀rìndé wo àjà. Ẹni àlàáfíà ni ọkùnrin náà. Bí ìyá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, á ní, "Òótọ́ ni, Màmá." Bí ìyàwó rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, á ní, "Òótọ́ ni, ìyá Jùwọ́n." Bí àwọn méjèèjì bá wá wà níbì kan náà, àjà ló máa ń sá lọ bá.

Ni Monínúọlá bá kúnlẹ̀. Ẹ má ṣì í gbọ́ o! Ìyàwó tó bá fẹ́ gbà sí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu lè dúró gbà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ ló gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ dáadáa. Bí ìkọ̀ náà bá ṣe tó ni orúnkún ṣe ń wọlẹ̀ tó. Monínúọlá fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó fi ohùn kékeré rẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ ṣé gan-an. Ẹ ó jèrè iṣẹ́ yín o. Jùwọ́n ò ní lọ, Mà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ ṣé, Mà. Kò ní lọ."

Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ayọ̀rìndé, ṣé o gbọ́ ohun tí ìyàwó ẹ ń sọ?"

"Mo gbọ́, Màmá." Àjà ló ṣì ń wò.

"Ọmọ ń ké, ẹnikẹ́ni ò sùn nínú ilé, ìwọ alára, ojú ẹ ti jìn wọnú bíi kànga!"

"Ó ti ń sùn tẹ́lẹ̀, Mà. Àwa la bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Bí agogo bá ti dún, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án àfi èmi. Tó bá sùn lórí ẹní rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Tí kò bá sùn..." Ó wo Jùwọ́n. "...ẹ máa gbé e lọ."

"Pẹ̀lú eyín lẹ́nu?"

"Pẹ̀lú eyín lẹ́nu, Mà."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́ tán, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Mọ́mì Dùnmínínú ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìgò kékeré kan pamọ́ sábẹ́ ìborùn.

"Ìyá Jùwọ́n, má jẹ́ kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ o. Oògùn eyín nìyí. Fún un ní ṣíbí kan péré kí agogo tó dún, á sùn fọnfọn!"

"Ẹ ṣé, Mà. Nọ́ọ̀sì tó gún Jùwọ́n lábẹ́rẹ́ àjẹsára ti ní kí a má fún un ní oògùn tí wọn ò bá kọ fún un nílé ìwòsàn. Oorun tí mò ń wá, mo fẹ́ kó jẹ́ ti Jùwọ́n fúnra ẹ̀, kì í ṣe ti inú ìgò."

"Ẹnu ẹ mú o!"

"Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mò ń ṣe, Mà."

Mọ́mì Dùnmínínú pòṣé, ó dá ìgò padà sábẹ́ ìborùn. "Àbí ti inú fóònù yẹn lo fẹ́ ṣe? Èyí tí òyìnbó ní ká ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ, kó ké títí á fi rẹ̀ ẹ́?"

Ẹ̀rọ dúró. Monínúọlá gbójú sókè. "Kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí eyín ń dùn? Mi ò ṣe ti fóònù, mi ò ṣe ti ìgò, mi ò sì ṣe ti ọ̀já. Tèmi ni mo fẹ́ ṣe." Ó tún ń wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ rí i? Ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá!

Kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un o. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé Jùwọ́n lọ́rùn, kò gbóná. Ó wo nápíkìn rẹ̀, kò yàgbẹ́ gbuuru. Bó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ gbóná ni, ilé ìwòsàn ni ì bá sáré gbé e lọ, tòun ti àdéhùn, torí ohun púpọ̀ ni àwọn èèyàn máa ń dì lé eyín lórí tí kì í ṣe ti eyín. Èrìgì nìkan ló ń dà á láàmú. Monínúọlá gé aṣọ òwú funfun kan, ó sè é, ó rẹ ẹ́ sínú omi sísè tó ti tutù, ó dé e, ó gbé abọ́ náà ti ara àmù kó lè tutù sí i. Agogo ọ̀sán dún, ó tẹ́ Jùwọ́n sílẹ̀ nínú yàrá. Ọmọ bá a jà, ó sun oorun díẹ̀, ó jí. Díẹ̀ náà tó o, torí ọmọ tí oorun ti pọ̀jù lójú rẹ̀ kì í gbọ́ràn.

Agogo ìrọ̀lẹ́ wá dún.

Màmá gbé àga síta, ó jókòó, ọ̀já wà lórí itan rẹ̀ ní ìmúrasílẹ̀. Mọ́mì Dùnmínínú jókòó tì í. Ayọ̀rìndé dúró sójú ọ̀nà, kò síta, kò sínú.

Nínú ilé, Jùwọ́n wẹ̀. Ó mu ògì, ó mu ọmú. Ìyá rẹ̀ fún un ní aṣọ tútù náà, ó rún un títí, itọ́ ń ṣàn dé àyà. Ó fi ìka tó mọ́ ra èrìgì rẹ̀ fún un, Jùwọ́n sì gé e jẹ. Ohun kan le níbẹ̀ lábẹ́ ẹran, kò tíì là. Ó kọ orin rẹ̀, ó mú aṣọ náà kúrò, ó tẹ́ ọmọ sílẹ̀.

Igbe ta!

Ó ń fọwọ́ lù ú nídìí, pẹ́pẹ́pẹ́. Igbe ń ròkè. Ó gbé e, ó fi í lé èjìká, ó ní, "Mo mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́, ọkọ mi, mo mọ̀." Bó ṣe dákẹ́, ó tún tẹ́ ẹ. Igbe! Ó tún gbé e, ó tún tẹ́ ẹ. Kò pọ̀n ọ́n. Kò jáde pẹ̀lú rẹ̀. Kò sì fi í sílẹ̀.

Láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òdìkejì, ẹnìkan pariwo pé, "Ìyá ọmọ dà o?"

"Ó wà níbí!" ni Monínúọlá dá a lóhùn. Ìgbà yẹn nìkan ṣoṣo ni ohùn rẹ̀ ròkè.

Màmá dìde. Ó ti ń so ìdí ìró rẹ̀ le, ọ̀já ti wà lọ́wọ́. "Ó tó. Ẹ̀jẹ̀ mi ni ọmọ yẹn, ẹ ò lè pa á."

Yàrá náà ò tóbi, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni ẹní wà. Bí Màmá ṣe gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, Monínúọlá ti kúnlẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, pẹ́pẹ́pẹ́.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ ò ní kọjá, Mà."

"Èmi? Nínú ilé ọmọ mi?"

"Ẹ̀yin náà ni, Mà. Ọwọ́ méjì ló yẹ kí n fi bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí, ìkejì wà lẹ́nu iṣẹ́."

Màmá gbé ẹsẹ̀ kejì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn mìíràn ti wá. "Màmá, ẹ jẹ́ kó parí ohun tó ń ṣe."

Àwọn obìnrin méjèèjì yíjú wo Ayọ̀rìndé bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀. Òun náà wo ara rẹ̀! Ìyanu náà mú gbogbo wọn débi pé kò sẹ́ni tó fura nígbà tí igbe di ìkùn. Ìkùn náà di "ẹ̀n... ẹ̀n..." Jùwọ́n ki àtàǹpàkò bọ ẹnu, ó yí dojú bolẹ̀, ó gbé ìdí sókè bí òkè Adó, ó sì sùn.

"Ṣé ó ti dákẹ́ ni?" ni Mọ́mì Dùnmínínú kígbe láti ìta.

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" ni Màmá fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jágbe mọ́ ọn. "O fẹ́ jí i?"

N ò ní parọ́ fún yín o, Jùwọ́n jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Eyín kì í ṣe ẹni àdéhùn. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ lù ú nídìí pẹ́pẹ́pẹ́, ọmọ sì padà sùn lórí ẹní rẹ̀.

Lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú, Màmá gun ọ̀kadà lọ sí gáréèjì, òun nìkan. Kí ọlọ́kadà tó ṣíná, ó na ìka sí Monínúọlá.

"Eyín kan péré nìyẹn, kò tiẹ̀ tíì là. Ogún ni wọ́n o! Mò ń bọ̀."

"Ẹ máa bọ̀, Màmá," ni Monínúọlá wí. "Gbogbo ogún ni yóò hù sórí ẹní."