Ọjọ́ Tí Nọ́ọ̀sì Rodiat Wọlé Láìkí Àgbà

Bí ẹ bá dé Èjìnrìn tí ẹ ń wá Nọ́ọ̀sì Rodiat, ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé bó ṣe ga tàbí bó ṣe pupa. Ẹ sáà béèrè nọ́ọ̀sì tó ń kúnlẹ̀, ọmọdé á mú yín débẹ̀. Ọmọ Ìwó ni. Ìkòròdú ni òun àti Kabir ọkọ rẹ̀ gba ilé sí pẹ̀lú Ṣìmí ọmọ wọn, láti ibẹ̀ ló sì ti ń wọkọ̀ wá síbi iṣẹ́, nílé ìwòsàn kékeré kan tó kọjú sí ọ̀sà.

Àwọn nọ́ọ̀sì kan wà tó jẹ́ pé láti ìdí tábìlì ni wọ́n á ti jágbe mọ́ aláìsàn bí ẹni ń lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo: "Ìwọ yẹn, kí ló ń ṣe ọ́? Tètè sọ̀rọ̀!" Rodiat kò sí lára wọn. Bí àgbàlagbà bá ti ń yọ orí lẹ́nu ọ̀nà báyìí, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀. Á kí wọn kú ìrìn, á béèrè ilé, á béèrè ọmọ, á béèrè àwọ̀n àti ọkọ̀ ojú omi. Kabir a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò tún nílò kó ròyìn iṣẹ́ fún òun mọ́, pé bí òun bá ti wo ibi orúnkún yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, òun ti mọ bí àwọn àgbà tó wá lọ́jọ́ náà ṣe pọ̀ tó.

Kíkúnlẹ̀ yìí kì í ṣe ojú ayé. Ohun tó gbà gbọ́ ni. Ó máa ń sọ fún Ìtẹ́olúwa, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pé, "Àìsàn á kọ́kọ́ gba iyì lára èèyàn kó tó gba agbára. Bàbá tó ń pàṣẹ nílé, tó bá débí, a ní kó bọ́ ṣòkòtò. Tí a ò bá wá kí i dáadáa, kí ló kù fún un? Kíkí ni ìdajì oògùn." Ìtẹ́olúwa á rẹ́rìn-ín, á ní kó wá fi ìdajì yẹn wo ibà fún òun. Ṣùgbọ́n òun náà ń rí i bí àwọn arúgbó ṣe ń kọjá níwájú òun lọ sọ́dọ̀ Rodiat.

Ohun kan ló ń da obìnrin yìí láàmú: ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá délé tán, ọkàn rẹ̀ ṣì wà ní Èjìnrìn. Ṣé ìyá yẹn á rántí lo oògùn rẹ̀? Ṣé ọmọ tó ń gbóná yẹn ti mu omi? Á gbé ẹ̀wà kaná, á bu iyọ̀ sí i, á gbàgbé, á tún bu òmíràn. Kabir ní gbogbo ìlú Èjìnrìn ni òun fẹ́ níyàwó, àwọn ẹbí ni kò sọ fún òun lọ́jọ́ tí wọ́n ń so yìgì.

Nínú gbogbo àwọn tó ń tọ́jú, Bàbá Mọ́ṣúdù ló sún mọ́ ọn jù. Atukọ̀ ni bàbá yìí láyé ọjọ́un. Òun ló ń kó ẹja àti èrò láti Èjìnrìn lọ sí Èbúté Ìkòròdú, kò sì sí ìjì tó lè dá a padà. Ìtọ̀ ṣúgà ló wá dá a jókòó. Egbò kan yọ sí i lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, Rodiat ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń wé e. Bó bá ti wé e tán, bàbá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á ṣàdúrà fún un títí tí Ìtẹ́olúwa á fi máa wúkọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bàbá náà tún dé. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó wọ bàtà, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ta bí ata. Inú ilé ìwòsàn kún fún àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, igbe ọmọ gba gbogbo ilé kan. Síbẹ̀, Rodiat kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà, bàbá mi. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Alhamdulillahi. Adúpẹ́, ọma mi. Dede ara mi le." Ọma ni wọ́n ń pe ọmọ, dede ni wọ́n ń pe gbogbo lẹ́nu Ìjẹ̀bú, etí ọmọ Ìwó yìí sì ti mọ̀ ọ́n lára.

"Ẹ jẹ́ kí n tú u wò."

"Ó ti ń jiná. Lọ dá àwọn ìyá ọlọ́mọ lóhùn. Mo kàn ní kí n wá kí ọ ni."

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà. Ọwọ́ náà gbóná. Rodiat mọ̀ ọ́n lára láti orí ìbòrí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní oòrùn ni. Ó ṣàmín, ó dìde, ó gba ọmọ kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tó máa gbójú sókè, bàbá ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Lẹ́yìn náà ló lọ.

Inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e padà sí Ìkòròdú ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í ni Rodiat. Ta ló ń ti ìparí ìlú wọ́ ẹsẹ̀ egbò wá sílé ìwòsàn nítorí àtikí nọ́ọ̀sì? Ó lé ọ̀rọ̀ náà lọ, ó tún padà dé. Ó yọ fóònù, ó tún tì í bọ àpò. Ó ṣí fèrèsé, ó tún pa á dé.

Àgbẹ̀ ìrẹsì láti Ìmọ̀tà ni obìnrin tó jókòó tì í. Bí wọ́n ṣe ń lọ ló ń rò fún un pé omi ti gbé oko ìrẹsì òun, pé ọmọ òun wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, pé òun kò fojú kan oorun láti àná. Omijé wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Àfi bí fóònù rẹ̀ ṣe dún. Ó fi etí gèlè nu ojú, ó gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. À, adúpẹ́. Dáadáa ni gbogbo wa wà. Àwọn ọmọ ń ṣeré."

Rodiat ń wo ẹnu obìnrin náà. Kì í ṣe pé obìnrin náà parọ́. Wọ́n kí i, ó sì dá ìkíni lóhùn. Ta ló ń fi ẹkún dáhùn ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta? Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà ní Ìwó nìyẹn: bí wọ́n bá ní ṣé àlàáfíà ni, àlàáfíà ni, ì báà jẹ́ pé òkú wà ní yàrá. A jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí òun ń kúnlẹ̀ níwájú aláìsàn, tí òun ń bi í pé ara ńkọ́, ìkíni ni àgbà yẹn ń gbọ́. Adúpẹ́ tí wọ́n ń dá òun lóhùn, òun ló ń gbà á bí èsì àyẹ̀wò. Àfi bí ẹni pé ọwọ́ gbígbóná yẹn tún bà lé e lórí.

"Ó wà o! Dírẹ́bà, ó wà níbí!"

Ìmọ̀tà ni Rodiat bọ́ sílẹ̀ sí. Ó sá kọjá sí òdìkejì títì, ó ń wá ọkọ̀ tó ń padà. Ibẹ̀ ni Kabir ti pè é.

"Mọ́mì Ṣìmí, ṣé dáadáa?"

"Dáadáa ni," ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Rárá, Dádì Ṣìmí, irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń padà sí Èjìnrìn."

Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọn ò sọ ti ẹni tí ìkíni pa lẹ́nu mọ́. Ohun tí Rodiat ń rò nìyẹn lẹ́yìn ọ̀kadà, tó ń bẹ ọlọ́kadà kó sáré, tó tún ń bẹ̀ ẹ́ kó má pa òun. Ó ti mọ ohun tí òun máa ṣe bí òun bá débẹ̀, ohun náà sì ń bà á lẹ́rù ju eré ọlọ́kadà lọ.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tó bọ́ sílẹ̀ níwájú ilé bàbá. Fàlílátù, ìyàwó ọmọ bàbá, ń yan ẹja lágbàlá.

"Háà, nọ́ọ̀sì! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Ṣé kò sí o?"

Rodiat gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọ pálọ̀. Bàbá Mọ́ṣúdù wà lórí àga, ó fi aṣọ bora láti ọrùn dé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ooru ń mú. Ọmọ Ìwó tí kì í kọjá àgbà láìkúnlẹ̀ wá dúró gbọnin níwájú rẹ̀.

"Bàbá, kí ló ń ṣe yín?"

Fàlílátù tó ti tẹ̀ lé e wọlé la ẹnu sílẹ̀. Bàbá náà rò pé etí òun ni. Ó ní, "Alhamdulillahi. Adúpẹ́..."

"Mi ò kí yín, sà. Mo ń béèrè ni. Kí ló ń ṣe yín?"

Ojú bàbá le. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọlé tọ àgbà nílé yín nìyẹn?"

"Rárá, sà."

Ojú tì í débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sá jáde. Gbogbo ara ló ń sọ fún un pé kó kúnlẹ̀, kò kúnlẹ̀. Ó fa àpótí kan tó wà nítòsí, ó jókòó lé e, títí ojú òun àti ti bàbá fi ṣe déédéé. Ó ń dúró de èsì. Fàlílátù fẹ́ gbà á sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, bóyá iṣẹ́ ló rẹ̀ wọ́n." Ẹja ń jó lórí ààrò, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀.

Bàbá kọ́kọ́ wo ògiri. Lẹ́yìn náà ló wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kò dùn mí," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Mo tẹ ìṣó, ẹ̀jẹ̀ ni mo rí nílẹ̀ kí n tó mọ̀. Ó ti ń rùn. Òtútù ń mú mi látàná. Mo wá sọ ọ́ fún ọ láàárọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"O kúnlẹ̀. O pè mí ní bàbá rẹ. Ọmọ tó kúnlẹ̀ tó ń béèrè àlàáfíà mi, ṣé kí n wá máa wí fún un pé mo ti ń jẹrà?"

Rodiat kò mọ ìgbà tí omijé bọ́ lójú rẹ̀. Inú ń bí i, sí ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ti dúdú, pupa sì ti ń gun ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Fàlílátù kígbe, ó sá jáde lọ wá ọkọ̀.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n rí, òun ni wọ́n fi gbé e lọ sí ọsíbítù ńlá ní Ẹ̀pẹ́. Rodiat gbé ẹsẹ̀ náà lé itan ara rẹ̀ kó má baà gbá mọ́ irin. Bàbá ń gbọ̀n.

"Ọma mi, ṣé wọ́n á gé e?"

Lánàá, Rodiat ì bá ti dá a lóhùn pé kò ní burú, Ọlọ́run á ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀ kó tó gbé e mì.

"Mi ò mọ̀, bàbá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fi yín sílẹ̀."

Bàbá mí kanlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí wọ́n fi dé Ẹ̀pẹ́.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé. Dókítà ní bí wọ́n bá fi í di ọ̀la ni, odindi ẹsẹ̀ ni ì bá lọ, bóyá tòun ti ẹni tó ni ín.

Ẹ̀yin ẹ rò pé ara Rodiat á wá balẹ̀? Kò balẹ̀ rárá. Ìròyìn ti gba ìlú pé nọ́ọ̀sì tó ń kúnlẹ̀ ti wọ ilé Bàbá Mọ́ṣúdù láìkí i, àwọn kan sì ní iṣẹ́ ìjọba ló bà á jẹ́. Bó bá kúnlẹ̀ fún aláìsàn, ẹ̀rù á bà á. Bí kò bá kúnlẹ̀, ojú á tì í. Ó wá ń kúnlẹ̀ àbọ̀, á tẹ̀, á sì tún nà, débi pé Ìtẹ́olúwa bi í bóyá orúnkún ló ń dùn ún.

"Mo ní kíkí ni ìdajì oògùn," ló sọ fún Ìtẹ́olúwa. "Ìdajì kejì ni mi ò mọ ibi tó wà. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò lè máa ṣe aláìkí àgbà kí n tó rí i."

Bó ṣe wà nìyẹn tí Bàbá Mọ́ṣúdù fi ti Ẹ̀pẹ́ dé, tó sì tẹ ọ̀pá wá wé ẹsẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìjókòó ló ń wo ohun tí nọ́ọ̀sì máa ṣe. Rodiat dìde. Ó tẹ̀ díẹ̀, ó dúró síbẹ̀, kò lè lọ, kò lè bọ̀.

"Kúnlẹ̀ jàre," ni bàbá wí. "Ṣé o fẹ́ kí n bínú ni?"

Ó kúnlẹ̀. Ó kí i, ó béèrè ilé, ó béèrè Fàlílátù, ó béèrè ara. Bàbá dá gbogbo rẹ̀ lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn láti ayébáyé: Alhamdulillahi, adúpẹ́, dede ara mi le. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà, gbogbo ilé ṣàmín. Lẹ́yìn náà ló fi orí ọ̀pá rẹ̀ fa àpótí kan súnmọ́ Rodiat, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìkíni ti tán, ọma mi. Dìde, jókòó, kí o wá bi mí. Ara mi ò le rárá."