Ìwé Orúkọ Tí Mo Mú Lọ Sílé Baálẹ̀

Ìdìbò tó kọjá yìí ni mò ń sọ, kì í ṣe ti ayé àtijọ́ tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ rò pé ibẹ̀ nìkan ni àwa àgbà ti jà rí. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti ṣíwájú ìyanṣẹ́lódì lẹ́ẹ̀mẹta, ojú tó sì ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Oko ni mò ń dá báyìí, ní abúlé wa lágbègbè Akínyẹlé, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ti ń háyà yàrá. Mẹ́rin nínú wọn ń gbé nílé mi.

Ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà ni Baálẹ̀ àti àwọn àgbà abúlé ń ṣe. Ẹgbẹ́ tuntun ni ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fà sí. Àdùnní, ayálégbé mi tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ni olórí wọn. Ó bẹ̀ mí kí wọ́n ṣèpàdé ní àgọ́ tí ìyàwó mi ti ń yan gààrí. Mo gbà, àmọ́ mo ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀, ilé tó ń gbé àti ẹgbẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀.

"Bàbá, ṣé dandan ni? Ẹ jẹ́ ká kàn ka iye wa."

"Ẹni tó ń jà tí kò fẹ́ ká mọ orúkọ òun, olè ló jọ. Nígbà tiwa, a kì í fojú pamọ́."

Ọmọkùnrin kan rẹ́rìn-ín. "Nígbà tiyín, Bàbá, ṣé àwọn tí ẹ ń bá jà mọ ọ̀nà ilé yín?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn kọ ọ́.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá pe ìpàdé gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún Baálẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀. Èmi tí mo mọ àṣà, mo mú ìwé náà dání lọ. Ọkùnrin àjèjì kan jókòó ti Baálẹ̀. Ó nawọ́ gbà á, ó kà á títí dé ìsàlẹ̀.

Baálẹ̀ kò gbójú sókè. "Tíṣà, ẹ fi í sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀kadà tí kò ní nọ́ńbà ti ń rọra kọjá níwájú ilé mi lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó ń gùn ún kì í kí wa. Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún wọn pé ẹ̀wà ti tán, bẹ́ẹ̀ ìkòkò kún níwájú rẹ̀.

Láàárọ̀ ìdìbò, àjèjì yẹn dúró sẹ́nu ọ̀nà ibùdó ìdìbò, ìwé wa lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó ti ń pe orúkọ ni àwọn ọmọ ń yọ́ kúrò lórí ìlà. Àdùnní nìkan ló dáhùn.

"Èmi rèé. Orúkọ mi lẹ ní lọ́wọ́, ẹ ò ní ìbò mi."

Àwọn géńdé tó tẹ̀ lé àjèjì náà já káàdì ìdìbò rẹ̀ gbà, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí méjì. Nígbà tí mo sún mọ́ wọn, àjèjì náà tẹrí ba fún mi. "Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ gaara."

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Èmi ni ikú ilé lọ́jọ́ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tí wọ́n ti tètè dìbò kí ọkùnrin náà tó dé nìkan ni èrè wa. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé mi ti ṣófo. Ìgboyà tí mo fi ń yangàn, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi dán an wò.

Mo pe Àdùnní lórí fóònù, mo tọrọ àforíjì.

"Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ lọ gba ìwé yẹn."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ. Baálẹ̀ ní òun kò mọ ibi tó wà. Ìdìbò mìíràn sì ti ń kanlẹ̀kùn.