Abẹ tí Mọ́nsúrátù Pọ́n

Bí inú bá ń bí mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ Mọ́nsúrátù yìí, ẹ má dá mi lẹ́bi. Obìnrin yẹn lágídí. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní àdúgbò Dougouba, nílẹ̀ àjèjì tí a wà yìí, yàrá mi kọjú sí tiwọn, kò sì sí ohun tí wọ́n ń ṣe nínú àgbàlá tí ojú mi ò tó. Mo sọ ọ́ fún un, mo tún un sọ. Kò gbọ́.

Onígbàjámọ̀ ni Bàbá Ràímì, ọkọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Commerce, àdúgbò ọjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta aṣọ ní ìdì-ìdì. Àga onírin kan àti dígí kan tó ti sán ló wà níbẹ̀. Abẹ kan ni wọ́n ń lò, irú èyí tó ń ká wọnú èèkù rẹ̀, tí bàbá wọn gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Abẹ yẹn ló fá orí ọmọ tuntun, òun ló fá orí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà. Àwọn Dioula tí a jọ ń gbé ìlú náà á máa bèèrè Anángò, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá, tó ń fárí tí kì í dá ọgbẹ́ síni lára. Ẹ̀rín á máa pa Bàbá Ràímì, wọ́n á ní ọwọ́ ọ̀tún àwọn nìyẹn.

Ọwọ́ ọ̀tún náà ló kú. Wọ́n ń fi ọṣẹ pa orí oníbàárà lọ́wọ́ ni abẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti mú un, wọn ò lè nàró mọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ti ọsibítù dé, ẹnu wọn ti padà bọ̀ sípò, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà sì ń wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún kọ̀, ó kàn so mọ́ wọn léjìká ni.

Misbaudeen, ọmọ ìlú wa tí kò tíì pẹ́ tó ti Nàìjíríà dé, ló ń bá wọn mójú tó ṣọ́ọ̀bù. Tọ́ndẹ́ẹ̀sì ló ń lò, ẹ̀rọ oníná tí àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí fẹ́ràn. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní bà á jẹ́. Nígbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gbé ṣúgà àti búrẹ́dì wá, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, mi ò lé yín o," ó ní. "Onílé ṣọ́ọ̀bù ló ní òun fẹ́ mọ ẹni tó máa gbà á kí ọdún ìtúnu tó dé. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, màá kó ẹrù mi. Bí ẹ ò bá padà, ó ní kí n wá fi orúkọ mi sí i."

"Mò ń bọ̀," ni Bàbá Ràímì wí. "Apá mi ti ń jí."

Mo wo apá náà níbi tó sùn sí lórí itan wọn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí Mọ́nsúrátù gbé abẹ wá. Ó ti ń dípẹtà. Ọwọ́ òsì nìkan ò lè pọ́n ọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ń padà sẹ́nu iṣẹ́, àbí? Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìyàwó wọn.

"Tẹ́ ẹ sórí òkúta. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ jọ fara kàn án. Má tẹ̀ ẹ́! Ẹ̀fọ́ lò ń gé ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ní n má fọwọ́ kan abẹ yín láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ mi," ni Mọ́nsúrátù dáhùn. "Ẹ̀yin náà lẹ tún ń bú mi pé mi ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀rín pa mí débi pé mo da omi sílẹ̀. Ó pẹ́ tí ẹ̀rín ti wọ ilé yẹn gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn òkúta ló kan awọ, awọ màlúù gbọọrọ tí wọ́n so mọ́ férémù fèrèsé. Ó mú abẹ, ó ti ẹnu rẹ̀ síwájú bó ṣe ń ṣe lórí òkúta, ni awọ bá là fàà! Bàbá Ràímì di ojú. "Lórí òkúta, ẹnu ló ń ṣáájú. Lórí awọ, ẹ̀yìn ni. Mọ́nsúrá, o fẹ́ pa mí." Ó yí awọ náà padà, ó ń sunkún, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Etí ni Bàbá Ràímì fi ń ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá wà nínú yàrá tí abẹ dún gbàgùdù lórí òkúta torí kò tẹ́ dáadáa, ẹ óò gbọ́: "Ó ti wọ́! Tún un tẹ́!" Kò sí ìgbà kan tó dún wọ́ tí wọ́n gbójú fò ó.

Bó bá ti pọ́n ọn tán, wọ́n á fi ọwọ́ òsì gbé apá ọ̀tún sórí itan. "Fi irun ibí dán an wò." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, abẹ há sí irun. Bàbá Ràímì ké: "Yéè! Ó ń fà mí nírun! Kò tíì mú."

Mọ́nsúrátù yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ń dán. "Ìyá Túnmiṣe, o gbọ́? Ó dùn wọ́n! Apá yẹn ti ń jí!"

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń dán an wò, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ké, lójoojúmọ́ ni inú rẹ̀ ń dùn. Mo pè é sẹ́yìn ilé. Mo ní, "Mọ́nsúrá, ojú wọn wà lára abẹ ni. Ẹni tó bá ń wo abẹ tó há sírun rẹ̀ á ké, bí kò tiẹ̀ dùn ún." Ó pòṣé sí mi. Kò kí mi fún ọjọ́ mélòó kan.

Ààwẹ̀ ti ń lọ sópin nígbà tí takisí-mótò dúró lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Misbaudeen ló sọ̀ kalẹ̀, ó wá gbọ́ ìdáhùn. Mọ́nsúrátù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí awọ ni, ó ti gbé abẹ lé apá wọn.

"Ẹ kú ààwẹ̀ o, Bàbá."

Bàbá Ràímì yíjú sẹ́nu ọ̀nà. "O káre, ọmọ mi. Wá jókòó. Sọ fún onílé pé ó ku díẹ̀. Lánàá yìí gan-an, apá yìí dùn mí, bi ìyàwó mi..."

Ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn. Abẹ náà fá irun náà kúrò pátápátá, ó sì wọ ẹran. Ẹ̀jẹ̀ gba ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ó ń kán sí ṣòkòtò funfun wọn, wọ́n ṣì ń bá ọmọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀. Mọ́nsúrátù ò lè gbé abẹ kúrò.

Ibi tí ojú Misbaudeen wà ni Bàbá Ràímì náà wò nígbẹ̀yìn. Wọ́n wo apá wọn títí.

"Mo rò pé ó ń dùn mí lóòótọ́ ni," wọ́n ní.

Wọ́n fi ọwọ́ òsì gba abẹ, wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n wo ẹnu rẹ̀ látòkè délẹ̀. "O pọ́n ọn, Mọ́nsúrá. Ó mú." Wọ́n kọjú sí Misbaudeen. "Lọ fi orúkọ rẹ sí ṣọ́ọ̀bù náà."

"Kò mú!" Mọ́nsúrátù já abẹ gbà. "Bàbá Ràímì, irọ́ ni, kò tíì mú! Màá tún un pọ́n!"

Èmi ni mo fi gèlè mi di apá wọn. Òun ti kúnlẹ̀ sídìí òkúta, ó gbé ẹnu abẹ dúró ṣánṣán, ó ń fà á tagbáratagbára, ó ń dún gbàgùdù gbàgùdù káàkiri àgbàlá. Mo wo Bàbá Ràímì, mo ń retí kí wọ́n sọ pé ó ti wọ́. Wọn ò sọ nǹkan kan.