Folúkẹ́ àti Ẹni tó ń Wẹ̀ Fún

Láti ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún ti kú mọ́ Àlàó lára, ọwọ́ òsì ló fi ń lu Folúkẹ́, ìyàwó rẹ̀. Àwọn ará ilé wọn ní Igbó-Elérin rò pé àìsàn yóò rọ ọkàn rẹ̀. Kò rọ̀ ọ́. Ọ̀pá tí wọ́n rà fún un pé kó máa fi tilẹ̀ ló sọ di pàṣán.

Kí rọpárọsẹ̀ tó gbé e ṣánlẹ̀, sípíkà ló ń tún ṣe ní ọjà Àlàbá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ gan-an, ó sì yá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni. Tìmílẹ́hìn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kò dúró kí irùngbọ̀n rẹ̀ hù tán tó fi sá kúrò nílé. Folúkẹ́ kò sá. Ó ń ta èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ fún àwọn alágbò tó ń fi bọ́ ẹran wọn ní Àlàbá Rágò, á sì sáré wálé lọ́sàn-án wá yí ọkọ rẹ̀ padà lórí ẹní kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. Etí òsì Folúkẹ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Bí ènìyàn bá bi í léèrè, á ní ibà ló mú un lọ.

Basit, oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé yàrá iwájú, ló mú ìròyìn náà wá.

"Màmá, wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn àkàndá ẹ̀dá sílẹ̀ ní Ìbà o. Wọ́n á máa fún wọn lówó oúnjẹ àti oògùn lóṣooṣù. Tó bá jẹ́ tọkọtaya, kí àwọn méjèèjì jọ wá ni. Wọ́n tún ń kọ orúkọ ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, Folúkẹ́ ń wọ ṣòkòtò fún ọkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ti kú sì há sínú ṣòkòtò. Ọ̀pá bà á lẹ́yìn ọrùn, gbì!

"Ṣé igi lo ń wọṣọ fún ni?" Ẹnu Àlàó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n èébú kì í há a lẹ́nu.

"Ẹ má bínú, Bàbá Tìmí."

Ó fa ṣòkòtò náà sókè, ó so ó, òun àti Basit sì gbé ọkùnrin náà sínú kẹ̀kẹ́.

Inú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ní Ìbà. Nọ́ọ̀sì kan tó ti ń hu ewú, Ọlábísí lorúkọ rẹ̀, ló pè wọ́n jókòó. Ó wo Àlàó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá kọjú sí ìyàwó.

"Ta ló ń wẹ̀ fún wọn?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló ń fún wọn lóúnjẹ? Ta ló ń gbé wọn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Èmi náà ni."

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni," Àlàó wí. "Mo sanwó orí rẹ̀."

Ọlábísí ti ṣàkíyèsí pé bí òun bá sọ̀rọ̀ láti apá òsì, obìnrin náà á kọ́kọ́ yí orí padà. "Ìyá, ṣé etí yẹn ń gbọ́ bí?"

"Kò gbọ́, mà."

"Ìrànwọ́ tọ́ sí ẹ̀yin náà nìyẹn. Kí ló ṣe é?"

Folúkẹ́ la ẹnu láti sọ pé ibà ni. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ṣì ń ta á bí ẹni fi ata sí i.

"Ìgbájú ni," ó wí.

"Ta ló gbá yín?"

"Ẹni tí mò ń wẹ̀ fún yìí."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ọ̀pá fi balẹ̀ síwájú orí rẹ̀. Awọ orí là, ẹ̀jẹ̀ dà bo ojú rẹ̀. Àlàó tún gbé ọ̀pá sókè, ó ń bú u, ó ń bú ìyá tó bí i. Folúkẹ́ di ọ̀pá náà mú, ó já a gbà, ó sì fi là á ní èjìká. Ó tún là á. "Ìwọ Àlàó! Ìwọ!" Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò pè é ní ìwọ rí. Ó lù ú ní apá, ó lù ú ní ìhà, àga yí dànù, ọkùnrin náà sì ṣubú lulẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Kí Basit tó rí obìnrin náà dì mú, ọ̀pá ti dá sí méjì.

Láti ilẹ̀ tó wà, Àlàó na ọwọ́ òsì sí ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé òun dìde, bí ó ti máa ń ṣe. Folúkẹ́ kò mira. Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì ló gbé e.

Ọlábísí fi òwú dí ojú ọgbẹ́ náà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń ba Folúkẹ́ lẹ́rù. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé lílù náà dùn mọ́ ọn, àti pé ká ní Basit kò dì í mú ni, kì bá tí dáwọ́ dúró títí ẹ̀mí yóò fi bọ́.

"A lè kọ yín pọ̀, a sì lè kọ yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀," Ọlábísí wí. "Ìyá, tí ẹ bá ní ẹ ò tọ́jú wọn mọ́, mi ò ní bá yín jà. Bàbá, ta ló tún lè máa tọ́jú yín?"

Àlàó dárúkọ ọmọ rẹ̀. Wọ́n pe Tìmílẹ́hìn lórí fóònù, Ọlábísí sì ṣàlàyé pé bàbá rẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú òun.

"Ṣé ó ti lu màmá mi lónìí?" ọmọ náà bèèrè.

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ọmọ náà pa fóònù.

Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú Àlàó. "Ìyá Tìmí," ó wí, "jọ̀ọ́."

Folúkẹ́ nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ nù. "Ẹ kọ wá pọ̀. Àmọ́ ọwọ́ mi ni káàdì tí wọ́n á fi máa gba owó náà yóò wà. Mi ò sì ní sun inú yàrá rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tó bá tún nawọ́ sí mi, kẹ́ ẹ wá gbé e."

"Èmi fúnra mi ni n ó máa wá bẹ̀ yín wò," Ọlábísí wí.

Àlàó fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ka sórí ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà.

Ọ̀dọ̀ Dúpẹ́, tí wọ́n jọ ń ta èèpo ẹ̀gẹ́, ni Folúkẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ àti lálẹ́, á wá wẹ̀ fún ọkùnrin náà, á fún un ní oúnjẹ àti oògùn, á sì padà; lọ́sàn-án, á sáré wá yí i. Kò tíì pẹ́ tí Àlàó fi abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná sọ̀kò sí i. Abọ́ fọ́ mọ́ ògiri. Folúkẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó lọ sọ́jà, kò sì padà yí i lọ́sàn-án. Nígbà tó dé lálẹ́, inú ìgbẹ́ ló bá a. Ó nù ún, ó sì pààrọ̀ ẹní. Ojú ti Folúkẹ́ fún ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n kò tọrọ àforíjì.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn alágbò rọ́ lu igbá èèpo ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí Folúkẹ́ tó dé Igbó-Elérin. Ebi ti pa Àlàó. Bó ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló lọgun, "Níbo lo ti ń—"

Folúkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Wọ́n wo ara wọn.

"Káàbọ̀," Àlàó wí.

Folúkẹ́ wọlé, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iṣu fún un kó má baà há a lọ́fun.