Ẹni Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Kí Wọ́n Sọ Fún

Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn kékeré kan ní Fìdítì kò tíì kúrò nímú mi. Ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà ní Ìlọra, ló ṣubú ní kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, mo sì gun ọ̀kadà lọ bá wọn. Ìyàwó rẹ̀ ti wà níbẹ̀. “Akọ̀wé,” ó ní, orúkọ tó fún mi nígbà tó wọlé wa nìyẹn, “wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Ṣé ó ti kú ni?”

Dókítà ní kò kú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló sì ní kí àwọn má sọ àìsàn náà fún ará ilé kankan. Mo fi káàdì oníròyìn hàn án. Ó wò ó, ó dá a padà fún mi. Mo mọ ohun tó mú kí ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n má sọ. Nígbà kan rí, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún màmá wa pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru. Màmá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dárúkọ rẹ̀, wọ́n dárúkọ àìsàn, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọlọ́kadà tó máa ń gbé e ti ń bá a kẹ́dùn. Láti ìgbà náà ló ti ń dá nìkan wá sí Fìdítì.

A jókòó. Ìbẹ̀rù ohun tí a ò mọ̀ kì í ní ìwọ̀n. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn, gbogbo àìsàn tí mo ti kọ ìròyìn nípa rẹ̀ rí ni mo fi pa ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ là, wọ́n pè wá wọlé. Dókítà bi í níwájú wa pé ta ni kí àwọn sọ fún. Ó wò mí, ó wo ìyàwó rẹ̀. “Òun ni,” ó ní, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ohùn rẹ̀. “Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ẹ lé oníròyìn síta.”

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tó kàn: Ìbàdàn ni a ó gbé e lọ, lójú ẹsẹ̀. Màmá ń pè, ó fẹ́ mọ ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì yóò gbàdúrà lé lórí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. “Ẹ ní kí wọ́n bá wa gbàdúrà ìrìn àjò, mà.”

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí kíláàsì. N kò mọ orúkọ àìsàn náà títí di òní, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ mi ni kí n máa bèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà tèmi bi mí láìpẹ́ yìí pé ta ni kí òun sọ fún bí ẹnu mi kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo dárúkọ.