Wọ́n Fẹ́ Tún Ẹsẹ̀ Ṣítù Sin

Ṣítù kò ní ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, síbẹ̀ àwọn ìka ẹsẹ̀ náà ń ro ó bíi pé ẹnì kan fi ẹ̀mú mú wọn. Télọ̀ ni ní Múṣin. Ọ̀kadà ló gbá a, egbò rẹ̀ rà, wọ́n bá gé ẹsẹ̀ náà. Dókítà ṣàlàyé pé ọpọlọ rẹ̀ kò tíì gbà pé ẹsẹ̀ ti lọ, ó sì kọ oògùn fún un.

"Oògùn fún ẹsẹ̀ tí ò sí?" Àlíyù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ká ìwé oògùn náà sápò. Ẹni tí kò ka nǹkan kan rí ju ìwé tẹ́tẹ́ póòlù lọ ló wá ń yẹ iṣẹ́ dókítà wò!

Àlíyù yìí kan náà ló gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ ọsibítù, tó ní òun sin ín sẹ́yìnkùlé ilé bàbá wọn. Àwọn ẹbí wá gbìmọ̀. Wọ́n ní àwọn ìka ẹsẹ̀ ló ká kò nínú ilẹ̀. Kí wọ́n hú u, kí wọ́n nà án tọ́, ara á tu Ṣítù. Àwọn tó kàwé gboyè wà nínú wọn o! Ṣítù wò wọ́n bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n gbé Ṣítù jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ẹ̀yìnkùlé náà kó máa wòran. Àlíyù nawọ́ sí ìdí ìbẹ́pẹ. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọn kò rí nǹkan kan. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, òfo ni. Ó tún ń wá ibòmíràn tó máa nawọ́ sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀rọ̀ jàre," ni Mojísọ́lá, ìyàwó Ṣítù, wí. "Ibo gan-an lẹ sin ín sí?"

"Mi ò gbé e wálé. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí wọ́n dáná sun ún ní ọsibítù."

Ni Àǹtí Motọ́lání, àbúrò bàbá wọn, bá pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Iná ló ń jó o!" Kíá, wọ́n ti ń jiyàn lórí irú omi tí wọ́n máa fi pa iná ọ̀hún. Ẹnì kan kò bi Ṣítù pé ibo ló ń dùn ún.

Inú bí i débi pé ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀pá dìde, ó na ọwọ́ sí Àlíyù.

"Ẹ mú ìwé oògùn mi wá. Kí ẹ sì kó ṣọ́bìrì yín kúrò lọ́nà, kí n ráyè kọjá."